Èsì: Ṣé lóòótọ́ ni ọba Saudi ní kí Amẹ́ríkà kọlu Iran?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè bóyá lóòótọ́ ni ọba Saudi Arabia ní kí Amẹ́ríkà kọlu Iran. Ó wà nínú ìwé àṣírí ìjọba Amẹ́ríkà tí WikiLeaks, ìkànnì tó ń tú àṣírí síta, gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó sọ ọ́. Ní oṣù kẹrin 2008, Ryan Crocker, aṣojú Amẹ́ríkà ní Iraq nígbà náà, àti Ọ̀gágun Petraeus, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà níbẹ̀, lọ bá Ọba Abdullah, ọba Saudi ìgbà náà, ní Riyadh. Ọ̀rọ̀ Iraq gan-an ló gbé wọn lọ. Adel al-Jubeir, aṣojú Saudi ní Washington nígbà náà, ló rán àwọn ará Amẹ́ríkà létí pé kábíyèsí ti ń sọ ọ́ tipẹ́: kí wọ́n gé orí ejò náà, ìyẹn Iran.

Èyí tí àwọn èèyàn ń fò dá, tó sì ń dùn mí, ni pé Saud al-Faisal, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Saudi nígbà náà, kò ní kí wọ́n kọlu Iran. Ìjẹníyà tó túbọ̀ le ló fẹ́, kí wọ́n dí ìrìnàjò àti owó yíyá ní báǹkì mọ́ Iran lọ́wọ́. Nínú ìjọba kan náà!

Ọba Hamad ti Bahrain náà sọ fún Petraeus ní 2009 pé wọ́n gbọ́dọ̀ dá ètò átọ́míìkì Iran dúró, pé ewu kí wọ́n fi í sílẹ̀ pọ̀ ju ewu kí wọ́n dá a dúró lọ.