Ìbéèrè Yín: Níbo Ni Fódà Òǹlò Wà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín kú iṣẹ́. Mo kọ ètò kékeré kan ní Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, fún àwọn tó ń ta aṣọ, kí wọ́n lè máa fi ṣàkọsílẹ̀ àwọn tó jẹ wọ́n ní gbèsè. Ìlà tó ń ṣí fáìlì nìyí: open(r"C:\Users\hp\Documents\gbese.txt", "a"). Kò sí wàhálà lórí kọ̀ǹpútà tèmi. Nígbà tí mo gbé e dé orí Windows ẹlòmíràn, ó ní òun kò rí fáìlì tàbí fódà bẹ́ẹ̀. Èyí tó rú mi lójú jù ni ti oníbàárà kan tó ń lo Ubuntu, irú Linux kan tí àwọn kan ń lò dípò Windows: ètò náà ṣiṣẹ́ láìké, àmọ́ kò sí gbese.txt nínú Documents rẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Òǹkàwé yín, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ ká ti orí Ubuntu bẹ̀rẹ̀, nítorí ètò tó dákẹ́ léwu ju èyí tó ké lọ. Lórí Linux, àmì / ni ó ń ya fódà kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Àmì \ lè wà nínú orúkọ fáìlì bí lẹ́tà yòówù. Nítorí náà, gbogbo ohun tí ẹ kọ, láti orí C títí dé txt, ni Ubuntu kà sí orúkọ fáìlì kan ṣoṣo, ó sì dá fáìlì náà sínú fódà tí oníbàárà yín wà nígbà tó pe ètò náà. Bí ó bá wo ibẹ̀ dáadáa, yóò rí C:\Users\hp\Documents\gbese.txt gẹ́gẹ́ bí orúkọ fáìlì, pẹ̀lú gbogbo gbèsè tó ti kọ sínú rẹ̀. Kí ó má pa á rẹ́ o. Kí ó kàn yí orúkọ rẹ̀ padà.

Ti Windows kejì kò le. Orúkọ òǹlò tó wà lórí ẹ̀rọ yín ni hp, kò sì sí òǹlò tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀rọ tọ̀hún. Àmì "a" tí ẹ kọ sínú open lè dá fáìlì tuntun, ṣùgbọ́n kì í dá fódà.

Àwọn kan á ní kí ẹ há ọ̀nà fódà òǹlò, ìyẹn fódà tí ẹ̀rọ yà sọ́tọ̀ fún ẹni tó ń lò ó, sórí: C:\Users fún Windows láti ìgbà Vista, C:\Documents and Settings fún XP, /Users fún Mac, /home fún Linux, àfi root, òǹlò àgbà tó ní àṣẹ lórí gbogbo ẹ̀rọ, tí tirẹ̀ jẹ́ /root. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí ẹni tó ni ẹ̀rọ lè gbé fódà rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ẹ bi ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ léèrè. Láti Python 3.5 ni Path.home() ti wà nínú pathlib, àkójọ iṣẹ́ tó bá Python wá, láti sọ ibi tí fódà òǹlò wà: lórí Windows, USERPROFILE, ibi tí ẹ̀rọ kọ ọ̀nà fódà náà sí, ni ó máa ń kọ́kọ́ wò, lórí Mac àti Linux, HOME ni, bí HOME kò bá sì sí, yóò lọ wo àkọsílẹ̀ àwọn òǹlò. Àwọn tó ń fi Node kọ ètò JavaScript ní os.homedir(), àwọn ti èdè Go ní os.UserHomeDir(). Ẹ má sì kọ "~/Documents" sínú open, nítorí shell, ètò tó ń gba àṣẹ yín nínú terminal, ni ó máa ń túmọ̀ àmì ~ yẹn; open kò mọ̀ ọ́n, àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ lo expanduser, iṣẹ́ Python tó ń yí ~ padà sí ọ̀nà fódà òǹlò.

Síbẹ̀, Path.home() / "Documents" nìkan kò tó. OneDrive lè ti gbé Documents lọ sí C:\Users\hp\OneDrive\Documents. Ẹni tó bá fi èdè Faransé gbé Ubuntu kalẹ̀ ní Kútọnu yóò bá Téléchargements dípò Downloads. Ti ará Brazil, Documentos ni Documents ń jẹ́ lórí dísíìkì gan-an. Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ fi pip, ètò tó ń gbé àfikún wọ inú Python, gbé àfikún tó ń jẹ́ platformdirs wọlé, kí ẹ sì pe user_documents_path(), tó máa ń béèrè ibi tí fódà náà wà lọ́wọ́ Windows, tó sì máa ń ka fáìlì user-dirs.dirs, níbi tí a kọ ọ̀nà irú àwọn fódà bẹ́ẹ̀ sí, lórí Linux.

Lójú tèmi, kò tilẹ̀ yẹ kí àkọsílẹ̀ gbèsè tí ètò ń kọ fúnra rẹ̀ wà nínú Documents, níbi tí ọmọ ilé lè ti fọwọ́ pa á rẹ́. Ẹ lo user_data_path("gbese", appauthor=False, ensure_exists=True), tí yóò tún dá fódà náà bí kò bá sí: inú AppData\Local ni yóò bọ́ sí lórí Windows, inú Library/Application Support lórí Mac, inú .local/share lórí Linux. Documents wà fún ẹ̀dà tí ọlọ́jà fẹ́ tẹ̀ jáde tàbí kó sórí flash.

Ẹ kìlọ̀ fún oníbàárà yín tó ń lo Ubuntu pé kó má fi sudo, àṣẹ tó ń mú ètò ṣiṣẹ́ bíi pé root ló pè é, pe ètò náà, torí pé Path.home() lè dá /root padà fún un, ibẹ̀ ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ yóò sì lọ.