Bàbá Dísípẹ́ńsà Dáhùn: Omi tó bí òtẹ́ẹ̀lì roboto

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Dísípẹ́ńsà, mo kí yín o. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Indiana, l'Amẹ́ríkà, fi fọ́tò òtẹ́ẹ̀lì kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Roboto ni ilé náà, òrùlé rẹ̀ tóbi débi pé mo rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó ní West Baden ló ń jẹ́, àti pé omi tó ń wo àrùn, tó ń sun láti inú ilẹ̀, ni wọ́n torí ẹ̀ kọ́ ọ. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló dé tí wọ́n ní ó ti di ahoro rí? Orúnkún ń yọ mí lẹ́nu gan-an. Ṣé kí n ní kó bu omi náà wá fún mi tó bá ń bọ̀ ní Kérésì? — Ìyá Ìbejì, Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà o. Kó má bu omi kankan wá. N óò sọ ìdí ẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn, torí ìtàn ọ̀hún dùn.

Òótọ́ ni pé omi ló bí òtẹ́ẹ̀lì yẹn. Ní gúúsù Indiana, omi kan ń sun tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, iyọ̀ oríṣiríṣi ló kún inú rẹ̀. Ẹran igbó ló kọ́kọ́ mọ ibẹ̀, wọ́n a máa wá lá iyọ̀ náà. Ní nǹkan bí ọdún 1845, dókítà kan, William Bowles, kọ́ ilé àlejò sí ẹ̀bá omi náà ní French Lick. Nígbà tó ń lọ sógun Mẹ́síkò, ó fi ilé náà háyà fún dókítà mìíràn, John Lane, fún ọdún márùn-ún. Ẹ̀yin ọlọ́jà mọ bó ṣe máa ń rí. Lane ti rówó jẹ nídìí omi, kò lè padà sẹ́yìn mọ́. Ó lọ kọ́ tiẹ̀ sí nǹkan bíi máìlì kan síbẹ̀, ó sì fi orúkọ ìlú olómi kan ní Jámánì sọ ọ́. Bí West Baden ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìsọ̀ kọjú sí ìsọ̀. (Ní ti Bowles, wọ́n dájọ́ ikú fún un nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ tó ga jù ló dá a sílẹ̀ ní 1866. Ọjọ́ mìíràn la ó sọ ìyẹn.)

Reluwé dé ibẹ̀ ní 1887. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá báńkì kan, Lee Sinclair, bẹ̀rẹ̀ sí í ra West Baden. Ní oṣù kẹfà 1901, iná jó òtẹ́ẹ̀lì náà kanlẹ̀. Sinclair ní ilé roboto lòun fẹ́, kí òrùlé rẹ̀ má ní òpó kankan láàárín. Àwọn ayàwòrán ilé tó kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ní kò ṣeé ṣe. Harrison Albright, ará West Virginia, ló gbà láti parí rẹ̀ láàárín ọdún kan, nígbà tó sì fi di oṣù kẹsàn-án 1902, àlejò ti ń wọlé. Ilé alájà mẹ́fà ni, yàrá inú rẹ̀ lé ní 500. Ẹ mú ọ̀kan nínú igbá fínfín tí wọ́n ń tà lọ́jà yín, kí ẹ dojú rẹ̀ dé: bí òrùlé náà ṣe rí nìyẹn, àmọ́ ẹsẹ̀ bàtà 200 ni ìbú tirẹ̀, irin 24 ló sì gbé e ró.

Àwa ọmọ Ajílété, ọkà là ń jẹ ká tó mu ẹ̀kọ yangan. Àwọn àlejò West Baden ní tiwọn, omi ni wọ́n ń mu ní kùtùkùtù kí wọ́n tó fẹnu kan oúnjẹ. Kí ni omi náà ń ṣe? Ó ń yà wọ́n nígbẹ́ ni! Magnesium sulphate àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló pọ̀ nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ti mu Andrews rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ní French Lick, níbi tí Thomas Taggart, olórí ìlú Indianapolis, ti di ọ̀gá, wọ́n ń rọ omi tiwọn sínú ìgò, wọ́n ń fi iyọ̀ kún un, wọ́n sì pè é ní Pluto Water. Ìpolówó wọn ni pé bí ara bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, Pluto á ṣe é. Èṣù pupa oníwo ni wọ́n yà sára ìgò náà, àwọn Kìrìsìtẹ́nì sì ń rà á gbé sílé.

Mo lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí fèrèsé ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn, mo sì mọ aláìsàn tó jẹ́ pé bí ikùn rẹ̀ bá ti ṣófo, á ní gbogbo ara ti yá. Oògùn tí kò bá yà á nígbẹ́, kò gbà pé oògùn ni. Irú wọn náà ló kún West Baden. Ẹ tún fi ìsinmi kún un, ìrìn nínú ọgbà, orin, àti tẹ́tẹ́. Tí ẹ bá bi mí, tẹ́tẹ́ ni ọjà gan-an, omi kàn jẹ́ pátákó ẹnu ọ̀nà ni.

Ed Ballard, ọba tẹ́tẹ́ àdúgbò náà, ló ra òtẹ́ẹ̀lì náà ní 1923. Nígbà tí ọjà ìpín-ìdókòwò fọ́ ní New York ní 1929, àwọn olówó kó ẹrù wọn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ó tilẹ̀kùn pa ní 1932. Ní 1934, dọ́là kan péré ni Ballard gbà lọ́wọ́ àwọn àlùfáà Jesuit, ó sì fi ilé náà lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi kọnkéré dí ojú omi. Ilé ìwé ló wà níbẹ̀ lẹ́yìn náà títí di 1983. Lẹ́yìn ìyẹn ni ahoro tí ẹ gbọ́ bẹ̀rẹ̀: ní 1991 apá kan ògiri ìta wó lulẹ̀. Ìdílé Cook, àwọn oníṣòwò irinṣẹ́ ìṣègùn ní Bloomington, ló ná owó ńlá sí i, ó sì ṣílẹ̀kùn padà ní 2007.

Orúnkún yín wá ńkọ́? Omi tó ń ya ènìyàn nígbẹ́ kì í rin oríkèé. Ní ọjọ́ orí yín, ó lè gbẹ omi ara yín. Bí kíndìnrín kò bá sì dá ṣáṣá, irú iyọ̀ yẹn léwu. Ohun tó ń dẹ orúnkún ni omi lọ́wọ́ọ́wọ́, báfù tiyín sì tó fún un. Bí ọmọ yín bá fẹ́ náwó lórí omi dandan, kó gbé yín lọ sí Ìkógòsì ní Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti tútù ti ń pàdé, kí ẹ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ má mu ún fún orúnkún.

Bí ẹ bá tún máa kọ̀wé, ẹ kọ orúkọ oògùn tí ẹ ń lò sí i, pàápàá èyí tí wọ́n ń pò mọ́ra wọn sínú ọ̀rá kékeré lọ́jà. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù ju omi Indiana lọ.