Síkáànù orí ọmọ mọ́, kí ni wọ́n tún ń fa omi ẹ̀yìn fún?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ara ọmọ mi, ọmọ oṣù mẹ́rin, gbóná, gìrì sì mú un. Wọ́n ní ó jọ àrùn yírùnyírùn. Síkáànù orí tí wọ́n ṣe mọ́, síbẹ̀ wọ́n fẹ́ fi abẹ́rẹ́ fa omi lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbọ́ pé ó máa ń rọ ọmọ lẹ́sẹ̀. Ṣé síkáànù ò tó ni?

Ìdáhùn: Kò tó, ìyá ọmọ. Ta ló sọ fún yín pé síkáànù tó mọ́ túmọ̀ sí pé kò sí àrùn? Awọ tó bo ọpọlọ àti omi tó yí i ká ni kòkòrò ń bá jà, síkáànù ò sì lè rí kòkòrò. Omi yẹn kan náà ló dé ẹ̀yìn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ fà á wò. Ọṣẹ́ tó bá ti ṣe ló ń rí: omi tó gbá jọ, ọyún, ibi tó wú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àìsàn, ó lè má rí nǹkankan. Ìró ni síkáànù yìí fi ń wo inú orí, àwùjẹ̀ tó ń mí fùkẹ̀fùkẹ̀ yẹn sì ni ojú fèrèsé wa. Tó bá ti dí, bí ọmọ bá ń sún mọ́ ọdún kan ààbọ̀, eegun ò ní jẹ́ kí ìró ẹ̀rọ náà kọjá dáadáa mọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rírọ yìí ló ń bí mi nínú. Ìsàlẹ̀ ìbàdí la ti ń gún un, láàárín eegun ẹ̀yìn ìbàdí kẹta sí ìkẹrin, tàbí ìkẹrin sí ìkarùn-ún. Mùdùnmúdùn inú ògóóró ẹ̀yìn ti parí kó tó débẹ̀. Fọ́nrán iṣan tín-ín-rín ló kù, wọ́n ń léfòó nínú omi, wọ́n sì máa ń yẹ̀ fún abẹ́rẹ́. Omi náà á máa kán tó, tó, tó sínú ìgò; gbogbo rẹ̀ kì í kún ṣíbí tíì kan. Ó yẹ kó mọ́ gaara. Tó bá dojú rú, tí sẹ́ẹ̀lì funfun pọ̀ nínú rẹ̀, tí ṣúgà rẹ̀ sì wálẹ̀, ẹjọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí: àrùn yírùnyírùn ni. Ọmọ tó rọ tàbí tó dití lẹ́yìn náà, àrùn ló sábà máa ń ṣe é, kì í ṣe abẹ́rẹ́.

Mi ò ní kò léwu rárá o. Bí ọmọ ò bá mí dáadáa, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dì, wọ́n lè sún fífa omi náà síwájú. Èmi ò rí ọmọ yín, àwọn tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ gbọ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n lónìí bóyá oògùn apakòkòrò ti ń wọ ara rẹ̀. Kò gbọdọ̀ dúró de èsì kankan.

Tí wọ́n bá tún pè yín fún síkáànù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ gbé e lọ. Wọ́n fẹ́ wò bóyá omi ti ń gbá jọ sí i lórí ni.