Pickup 504 bàbá yín n'Ìkirè: kí ẹnikẹ́ni má tíì sítáàtì ẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àjò o, ẹ̀yin ará wa ní Houston. Ẹ ní Peugeot 504 pickup tí bàbá fi ń kó kòkó ti wà lábẹ́ igi máńgòrò n'Ìkirè láti 2016 tí wọ́n ti ṣaláìsí, ẹ sì fẹ́ kí ó padà máa ṣiṣẹ́ oko. Mẹkáníìkì kan ti wá sọ fún àbúrò yín pé kí ẹ fi owó bátìrì àti owó epo ránṣẹ́, òun á sítáàtì ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi owó yẹn ránṣẹ́. Mi ò sọ pé ọ̀gbẹ́ni náà fẹ́ jẹ yín lówó. Ó ṣeé ṣe kó sítáàtì lóòótọ́, ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù sì ti ń bà mí. Ẹ́ńjìnnì tó ti jókòó pẹ́ tó báyìí, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá yí i ló máa ń bàjẹ́. Ọ́ìlì ti sọ̀ kalẹ̀ kúrò lára sílíndà, ìpẹtà sì lè ti lẹ ríìngì písítìnì mọ́ ọn.

Kí a tó kan ẹ́ńjìnnì rárá, ṣé ẹ ti bá ẹbí sọ̀rọ̀? Orúkọ bàbá ló wà lára ìwé ọkọ̀ náà, ogún gbogbo ọmọ ni. Ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè láti gbogbo ọdún yìí wá, ọjọ́ tó bá tú èéfín ni olówó ẹ̀ máa pọ̀. Ẹ pe gbogbo ọmọ bàbá jọ lórí fóònù, ẹ fẹnu kò lórí ẹni tó ni í, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí oníkálukú fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ yí orúkọ ìwé padà, wọ́n lè bèèrè ìwé tí lọ́yà ń pè ní letter of administration, èyí tí Ilé Ẹjọ́ Gíga ń fúnni lórí ohun ìní olóògbé. Kí àbúrò yín tú àpótí bàbá wò fún rìsíìtì àti láísẹ́ǹsì àtijọ́.

Ẹ ṣoríire pé 504 ni. Láti 1975 ni wọ́n ti ń tò Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, àwọn àgbà mẹkáníìkì wa sì mọ 504 bí ẹní mowó. Kò ní kọ̀ǹpútà kankan nínú. Sílíndà rẹ̀ náà ṣeé yọ kúrò nínú búlọ́ọ̀kù, ká fi tuntun rọ́pò rẹ̀, torí náà bí ẹ́ńjìnnì bá tiẹ̀ ti gan, ọ̀rọ̀ ò tíì parí.

Ẹ ní kí àbúrò yín kọ́kọ́ ya fídíò kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan. Kó fi igi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, torí ejò. Ẹ ó rí i pé eku ti kó ewé àti fóòmù ìjókòó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kábúrétọ̀, wọ́n á sì ti bó wáyà títí bàbà pupa fi yọ. Ríwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ló ń tún ìyẹn ṣe, kí mẹkáníìkì má dá a ṣe.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀ sí ihò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kí gíà wà ní nútírà, kí wọ́n fi spánà yí ẹ́ńjìnnì jẹ́jẹ́ láti iwájú. Bó bá yí, ẹ dúpẹ́. Bí kò bá yí, kí wọ́n tún da ọ́ìlì sí i, kí wọ́n ní sùúrù. Kí wọ́n má ṣe so ó mọ́ ọkọ̀ mìíràn kí wọ́n wọ́ ọ, kí wọ́n wá fi gíà gbà á. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń sáré lọ.

Epo tó ti wà nínú táǹkì láti 2016 kì í ṣe epo mọ́. Òórùn rẹ̀ máa dà bíi ti ọ̀dà ara ilé, ó sì máa dì sínú kábúrétọ̀ bí oje igi. Kí wọ́n sọ táǹkì kalẹ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n fẹ́ páìpù. Bí wọ́n bá fẹ́ dán an wò ṣáájú, kí wọ́n so kẹ́ẹ̀gì epo tuntun mọ́ páǹpù, kó jìnnà sí sálẹ́ńsà o. Kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì àti fítà rẹ̀. Kí wọ́n lo sítátà láìsí púlọ́ọ̀gì títí iná ọ́ìlì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù á fi kú, kí wọ́n tó dá púlọ́ọ̀gì padà.

Bí owó yín bá tó nǹkan kan ṣoṣo, bíréèkì ni kí ẹ ná an lé. Kí ọkọ̀ má lọ sàn ju kó lọ kó má lè dúró. Rọ́bà inú masta tó ń ti ọ́ìlì bíréèkì àti ti ẹsẹ̀ táyà á ti gbẹ, omi á ti wọ inú ọ́ìlì bíréèkì, páìpù á sì ti dípẹtà. Kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, kí wọ́n má ṣe fọ rọ́bà àtijọ́ padà. Táyà náà ń kọ́: ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà DOT tó wà lára táyà. 2314 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014. Kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ fún yín kí ẹ tó sanwó, pàápàá bó bá jẹ́ tòkunbọ̀.

Araromi, ní Agodi Gate n'Ìbàdàn, ni kí wọ́n ti ra pátì. Kí àbúrò yín bá mẹkáníìkì lọ, kó pè yín lórí fídíò, kí ẹ̀yin fúnra yín san owó sí àkáǹtì ẹni tó ń tajà. Kí wọ́n lọ ní aago méjì ọ̀sán, torí bí wọ́n bá lọ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, òru ṣì ni lọ́dọ̀ yín. Owó iṣẹ́ yàtọ̀ sí owó pátì. Ẹ san ìdajì, kí ìyókù dúró títí ọkọ̀ á fi rìn tó sì dúró. Kí gbogbo pátì àtijọ́ padà wá sílé.

Kí ó má jáde sí títì láìní ìwé. Láti 2023 ni owó ìnṣọ́ránsì third party ti di ₦15,000 fún ọkọ̀ ara ẹni, ₦20,000 fún èyí tó ń kó ẹrù ẹni tó ni í. Láísẹ́ǹsì àti roadworthiness, ìwé pé ọkọ̀ yẹ lójú títì, wà lẹ́yìn ìyẹn.

Bí mẹkáníìkì bá ní ẹ́ńjìnnì ti kú, kí ẹ ra tòkunbọ̀, ẹ ní kó kọ́kọ́ wọn kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n (agbára tí sílíndà fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀) sílíndà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ́ńjìnnì àtijọ́ náà níṣojú àbúrò yín, kó kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà náà síbí, a ó bá yín wò ó kí ẹ tó san kọ́bọ̀.