Ẹ Bi Wá: Ẹ Wọn Ẹ̀pà Kí Ẹ Tó Gé Irin

Lẹ́tà tó pọ̀ jù lóṣù yìí, ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ló ti wá. Iṣẹ́ àṣekágbá wọn ni ẹ̀rọ tó ń pa ẹ̀pà eléèpo, tó sì ń fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù. A ti pa àwọn ìbéèrè tó jọra pọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. A ti ya àwòrán dúrọ́mù tó máa pa ẹ̀pà àti asẹ́ irin tó máa wà lábẹ́ rẹ̀. Àlàfo àárín àwọn méjèèjì ló kù. Mìlímítà mélòó ni kí a fi sí i?

Ìdáhùn: Ara ẹ̀pà tí ẹ fẹ́ pa ni iye náà wà, kò sí lọ́wọ́ wa. Ẹ bu ọgọ́rùn-ún ẹ̀pà eléèpo nínú àpò, ẹ má ṣà á, kí ẹ fi kálípà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ohun kékeré, wọn gígùn, ìbú àti nínípọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ pa wọ́n, kí ẹ wọn hóró wọn bákan náà. Ẹ má kọ ìwọ̀n àárín nìkan sílẹ̀. Èyí tó kéré jù àti èyí tó tóbi jù ni yóò yọ ẹ̀rọ yín lẹ́nu.

Ihò asẹ́ ní láti gba hóró tó tóbi jù kọjá, kó sì dá eléèpo tó kéré jù dúró. Ó rọrùn lórí ìwé. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wọ̀n ọ́n tán, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé ẹ̀pà oníhóró kan nípọn tó hóró ńlá lásán, kò sì sí ihò kan ṣoṣo tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ojútùú rẹ̀ ni kí ẹ fi ajọ̀ ya ẹ̀pà sí ńlá àti kékeré kó tó wọ ẹ̀rọ, kí ẹ sì ṣe asẹ́ méjì tí bóòtù dè, tó ṣeé yọ, tó ṣeé pààrọ̀. Ọ̀pá irin róbótó, bíi mìlímítà 8, tí ẹ tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, la fẹ́ràn ju páànù tí a lu ihò sí lọ. Etí ihò páànù a máa gé hóró.

Ní ti àlàfo gan-an, ẹ jẹ́ kí ibi tí ẹ̀pà ń gbà wọlé gba èyí tó nípọn jù, kó wá máa há díẹ̀díẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Níbẹ̀, kó dín sí nínípọn eléèpo kékeré, kó sì ju ti hóró lọ. Ẹ má jórin mọ́ bẹ́árìn dúrọ́mù, ìyẹn ohun tí ọ̀pá rẹ̀ ń yí nínú rẹ̀, lójú kan. Ẹ fi bóòtù dè é, kí ẹ fi wáṣà onímìlímítà kan sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ lè máa gbé e sókè tàbí sísàlẹ̀ nígbà ìdánwò. Iye tí ẹ bá kọ sórí àwòrán, ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni.

Ìbéèrè: Ẹ̀rọ wa ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ hóró ń fọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. A dín eré dúrọ́mù kù, kò sí ìyàtọ̀. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ da hóró tó fọ́ sórí bébà funfun, kí ẹ wò ó dáadáa. Ojú ọgbẹ́ ló máa sọ ẹni tó dá a. Tí hóró bá là sí méjì geere, tí awọ ara rẹ̀ sì ti bọ́, ẹ̀pà ti gbẹ jù. Tó bá rún wẹ́wẹ́, tí òróró ń hàn lára irin, àlàfo ti há jù. Tó bá dà bí ohun tí ọ̀bẹ gé, etí ọwọ́ dúrọ́mù, ìyẹn irin ara rẹ̀ tó ń lu ẹ̀pà, ló mú jù. Ẹ fi fáìlì yí i róbótó.

Ní ti eré tí ẹ dín kù, dúrọ́mù tó bá ń falẹ̀ jù máa ń dá ẹ̀pà dúró sínú. Hóró tó ti bọ́ nínú èèpo ṣì ń jẹ ìyà títí yóò fi rí ihò bọ́ sí. Ìyẹn ni kò fi sí ìyàtọ̀. Ẹ tún wo bí ẹ ṣe ń dà á sí i. Bí dúrọ́mù bá kún, ẹ̀pà á máa ha ara wọn, èèpo á máa fọ́ èèpo. Bó bá ṣófo, irin nìkan ló ń lù wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀pà máa wọlé léraléra láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì fi ìlẹ̀kùn kékeré sí ìdí àpótí òkè tí ẹ ń da ẹ̀pà sí, láti fi díwọ̀n iye tó ń wọlé.

Bó bá jẹ́ gbígbẹ ló fà á, omi ni oògùn rẹ̀, àmọ́ omi tí a ṣírò ni. Ká ní kílò 20 ni ẹ ní, tí omi inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ẹ sì fẹ́ kó di 9. Ẹ yọ 6 kúrò nínú 9, ó ku 3. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 20, ó di 60. Ẹ pín in sí 91, ìyẹn 100 tí a ti yọ 9 kúrò. Ó jẹ́ bíi kílò 0.66, ìyẹn gíráàmù 660 omi. Ẹ wọ́n ọn lé ẹ̀pà lórí, ẹ rò ó pọ̀, ẹ fi ọ̀rá bò ó di ọjọ́ kejì. Nítorí pé èèpo ló kọ́kọ́ ń mu omi, tí èèpo tó rọ̀ sì máa ń tẹ̀ dípò kó fọ́, ẹ sá a fún bíi wákàtí kan kí ẹ tó dà á sínú ẹ̀rọ. Tí ẹ bá ti pa á tán, ẹ sá hóró náà gbẹ kíá. Ẹ̀pà tó lómi lára a máa bu, Aspergillus flavus, irú èbu kan tó ń mú un bu, ló sì ń ṣe májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Hóró tó fọ́ ló sì máa ń tètè wọ̀.

Fífi rọ́bà bo ọwọ́ dúrọ́mù ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kó jẹ́ rọ́bà tí wọ́n ṣe fún oúnjẹ. Ẹ fi táyà ògbólógbòó sílẹ̀ fún bàtà. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ yí padà, ẹ yí ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó bá yí eré, àlàfo àti ọ̀rinrin padà lọ́jọ́ kan náà kì í mọ èyí tó ṣe é.

Ìbéèrè: Mọ́tò oníná wa ń yípo 1440 ní ìṣẹ́jú kan, ìbú púlì orí rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 75. A fẹ́ kí dúrọ́mù yípo 300. Púlì wo ni kí a gbé sórí dúrọ́mù, báwo sì ni bẹ́líìtì ṣe máa gùn tó?

Ìdáhùn: Ìyípo mọ́tò lọ́nà púlì rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ìyípo dúrọ́mù lọ́nà púlì tirẹ̀. 1440 lọ́nà 75 jẹ́ 108,000. Ẹ pín in sí 300: mìlímítà 360.

Ní ti bẹ́líìtì, ká ní àárín ṣáàfù méjèèjì jẹ́ mìlímítà 500. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 1000. Àpapọ̀ ìbú púlì méjèèjì, 435, lọ́nà 1.571, jẹ́ 683. Ìyàtọ̀ wọn, 285, lọ́nà ara rẹ̀, tí a pín sí 2000 tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin 500, jẹ́ bíi 41. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1724. Ẹ ra èyí tó sún mọ́ ọn jù, kí ihò bóòtù ìdí mọ́tò sì gùn kí ẹ lè fà á le.

Bẹ́líìtì a máa yọ̀ nígbà tí ẹ̀pà bá wà nínú ẹ̀rọ, nítorí náà 300 orí ìwé lè má jẹ́ 300 lóòótọ́. Ẹ ka ìyípo rẹ̀ nígbà tó ń pa ẹ̀pà lọ́wọ́, ẹ má kà á nígbà tó ṣófo. Ẹ sì kọ eré etí dúrọ́mù sílẹ̀ pẹ̀lú. Dúrọ́mù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 300, tó ń yípo 300 ní ìṣẹ́jú kan, ń sáré bíi mítà 4.7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Dúrọ́mù tó tóbi jù bẹ́ẹ̀, bí ìyípo wọn tilẹ̀ dọ́gba, eré etí rẹ̀ yàtọ̀, ọ̀nà tó ń gbà lu ẹ̀pà náà sì yàtọ̀.

Ẹ fi páànù bo bẹ́líìtì kí ẹ tó tan iná sí i lẹ́ẹ̀kan péré, kì í ṣe lẹ́yìn ìdánwò.

Ìbéèrè: Ṣé a lè kun inú ẹ̀rọ kó má baà dípẹtà?

Ìdáhùn: Rárá. Ìta nìkan ni ọ̀dà wà fún. Ibi tí hóró bá ń fara kàn, irin tí kì í dípẹtà, irú 304, ni kó jẹ́, kí ojú ibi tí a jó sì dán, láìní ihò tí èérí lè sá pamọ́ sí. Ẹ gbé bẹ́árìn síta ara àpótí, kí gírísì má baà kán sórí hóró.

Ìbéèrè: Fáànù wa ń fẹ́ hóró pọ̀ mọ́ èèpo. Ṣé kí a ra èyí tó kéré?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ fi ìlẹ̀kùn kékeré bo ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí pípadé, kí ẹ máa ṣí i díẹ̀díẹ̀ títí èèpo yóò fi máa lọ tí hóró á sì máa jábọ́. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá hóró ń já bọ́ ní òkìtì. Bó bá tẹ́ bí aṣọ kí afẹ́fẹ́ tó kàn án, afẹ́fẹ́ díẹ̀ á tó.

Ìbéèrè: A rí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Olùkọ́ wa ní iye náà kò ní ìtumọ̀. Ẹ gbà wá o.

Ìdáhùn: Olùkọ́ yín ló jàre. 95 ti kí ni? Ẹ wọn kílò 5 eléèpo, ẹ dà á sí i, ẹ ka ìṣẹ́jú, kí ẹ wá ya ohun tó jáde níbi gbogbo sí òkìtì, àti ohun tó bá èèpo lọ. Àpẹẹrẹ: eléèpo tí kò pa, kílò 0.25; hóró odidi, 3.00, hóró tó fọ́, 0.30, èèpo, 1.38, ohun tó sọnù, 0.07. Ẹ̀rọ náà pa 4.75 nínú 5, ìyẹn ìdá 95. Ṣùgbọ́n nínú kílò 3.30 hóró, 0.30 ló fọ́: ìdá 9. Tó bá ṣe é ní ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀, kílò 120 ní wákàtí kan ni.

Ẹ̀pà tó ṣẹ́ lápá kan tí hóró ṣì wà nínú rẹ̀, òkìtì tí kò pa ni ẹ kó o sí. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún eré kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má sì lo ẹ̀pà kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ kọ omi inú ẹ̀pà náà sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ wọn gíráàmù 20, ẹ gbé e sínú ààrò ní ìwọ̀n 103 lórí òṣùwọ̀n Celsius títí ìwúwo rẹ̀ kò fi ní yí padà mọ́. Tó bá ku 18.6, ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ni omi rẹ̀. Ẹ wọn èèpo àti hóró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí omi inú wọn kì í dọ́gba.