Iná sólà yín kì í ṣe watt 200

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iná sólà kan wà níwájú ilé wa ní Ìbarà, Abẹ́òkúta. Watt 200 ni wọ́n kọ sí i lára. Nígbà tí mo rà á, ó ń tàn mọ́jú. Ní báyìí, tó bá fi máa di aago 9 alẹ́, ó ti kú. Ẹni tó tà á fún mi ní watt rẹ̀ ló kéré, pé kí n wá ra ti watt 300. Ṣé kí n rà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ má rà á. Iná yìí kan náà ló ń tàn mọ́jú tẹ́lẹ̀, báwo ni watt rẹ̀ ṣe wá kéré? Nǹkan kan ló bàjẹ́ lára rẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú irọ́ watt 200 tí wọ́n kọ sí i lára yẹn, torí ó ti ń jẹ owó àwọn èèyàn jù.

Bátìrì inú irú iná bẹ́ẹ̀, 3.2 volt ló sábà máa ń jẹ́, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ju 10 Ah lọ (Ah ni wọ́n fi ń sọ bí iná tí bátìrì lè gbà pamọ́ ṣe pọ̀ tó). Ẹ sọ 3.2 di ìlọ́po 10, ó di 32. Ìyẹn ni pé tó bá kún dẹ́múdẹ́mú, ó lè tan iná watt 1 fún wákàtí 32. Tó bá jẹ́ watt 200 ló ń tàn lóòótọ́, kò ní tó ìṣẹ́jú 10 tó máa kú. Páńẹ́ẹ̀lì orí rẹ̀ ńkọ́? Èyí tí kò tóbi ju ìwé ìkọ̀wé tẹ́ ẹ ṣí sílẹ̀ lọ, bíi watt 10 ni. Tí oòrùn tó mú bá ràn án fún wákàtí 4 lójúmọ́, á lo oṣù méjì gbáko kó tó kó ohun tí iná watt 200 máa jẹ lóru ọjọ́ kan jọ. Ohun tó ń tàn níbẹ̀ gan-an lè máà ju watt 5 sí 8 lọ, á sì tún máa rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bá kọjá. Òun ló fi ń mọ́jú. Bátìrì kan náà lẹ lè bá nínú "watt 300" yẹn. Volt àti Ah bátìrì ni kẹ́ ẹ máa bi ọlọ́jà. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ máa lọ.

Ó wá ku iná tó wà níwájú ilé yín. Ẹ fi omi àti aṣọ rírọ̀ nu páńẹ́ẹ̀lì láàárọ̀, kó tó gbóná. Eruku ọyẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Ẹ wò ó bóyá ẹ̀ka igi kankan ti yọ wá síbẹ̀, torí òjìji tó bo igun kan péré ń dín agbára rẹ̀ kù gan-an. Kó kọjú sí gúúsù, kó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ inú oṣù Agẹmọ ni, tí ojú ọ̀run ṣú ṣáá, ẹ ní sùúrù ná.

Tí kò bá yí padà, ẹ pe rewáyà tó ní mítà tí wọ́n fi ń wọn volt, kó ṣí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí oòrùn mú. Bí bátìrì bá fi 3.3 volt tàbí jù bẹ́ẹ̀ hàn, tó tún kú kí wákàtí méjì tó pé, bátìrì ti gbó. Bí kò bá tó 3.0, kí ó tú waya páńẹ́ẹ̀lì, kó wọ̀n ọ́n nínú oòrùn: páńẹ́ẹ̀lì 6 volt yẹ kó fi bíi 7 hàn. Tí kò bá fi nǹkan kan hàn, ẹ wá ibi tí waya ti já tàbí tó ti dógùn-ún.

Ẹ jọ̀ọ́, 3.2 volt ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò 3.2 volt. Àwọn kan ń tú bátìrì láptọ́ọ̀pù àtijọ́ síbẹ̀. 3.7 volt nìyẹn, 4.2 ló fi ń kún, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan bíi 3.65 ni iná yín ti ń dáwọ́ gbígba iná sí bátìrì dúró, torí náà bátìrì láptọ́ọ̀pù yẹn kò ní kún láéláé. Òdìkejì rẹ̀ ló burú jù: bátìrì 3.2 nínú iná tí wọ́n ṣe fún 3.7 lè wú, ó sì lè gbiná. Mi ò rí iná yín o, nítorí náà ohun tí wọ́n kọ sára bátìrì rẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe èmi. Kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù sílíkóònù dí etí rẹ̀ padà kí omi má bàa wọlé. Ẹ má sì ju bátìrì tó gbó sórí ààtàn tí wọ́n ń dáná sun.