Ẹ Béèrè, Ká Dáhùn: Mo fi mẹ́mọ́rì kún un, ló bá tún kú

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. VM Linux kan (kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà míì) wà tí mò ń tọ́jú, mẹ́mọ́rì GB 2 péré ló ní, ó wá ń mí gúlegúle, ni mo bá ní kí n fi GB 128 kún un láì pa á, hotplug náà nìyẹn. Àfi bí OOM killer, èyí tí Linux fi ń pa prógíráàmù tí mẹ́mọ́rì bá tán, ṣe dé tó bẹ̀rẹ̀ sí pa prógíráàmù mi ní kọ̀ọ̀kan. Ṣé mẹ́mọ́rì tún máa ń pa mẹ́mọ́rì ni? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò. Kò yà mí lẹ́nu rárá. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kernel, ìyẹn ọkàn Linux gan-an, kì í lo mẹ́mọ́rì láì kọ nǹkan sílẹ̀ nípa ẹ̀, gbogbo péèjì, ìyẹn ègé mẹ́mọ́rì KB 4 kọ̀ọ̀kan, ló ní àkọsílẹ̀ tiẹ̀ tí wọ́n ń pè ní struct page: ibi mélòó ló dì í mú, ṣé ó dọ̀tí àbí ó mọ́, zone (apá mẹ́mọ́rì) wo ló wà, gbogbo ẹ̀. Lórí x86 64-bit, báìtì 64 ni ọ̀kan sábà máa ń jẹ́. Kékeré ni lójú, àbí? Ó dáa, GB 1 ní péèjì 262,144, fi 64 sọ ọ́ di púpọ̀, MB 16 nìyẹn. GB 128 wá jẹ́ GB 2 gééré. GB 2 yẹn sì ni gbogbo ohun tí VM rẹ ní láyé!

Tó ò bá sọ fún kernel pé kó ṣe é lọ́nà míì, ara mẹ́mọ́rì àtijọ́ ló ti máa yọ àyè tó máa kó àkọsílẹ̀ tuntun sí, kó tó lè fọwọ́ kan ẹyọ péèjì kan nínú tuntun yẹn. Bíi pọ́ǹpù tó jẹ́ pé o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bu omi sí i kó tó fa omi, ìwọ rèé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í mú nìyí o: ìpele méjì ni hotplug, àkọ́kọ́ ni fífi kún un, ìkejì ni kéèyàn sọ ọ́ di online, kí kernel lè bẹ̀rẹ̀ sí lò ó, nínú /sys/devices/system/memory. Wọ́n rò pé níwọ̀n ìgbà tí kò tíì online, kò tíì jẹ nǹkan kan. Irọ́ ni jàre. Ìpele àkọ́kọ́ ni àyè àkọsílẹ̀ ti lọ, MB 2 fún MB 128 kọ̀ọ̀kan, òfìfo lásán ló ṣì wà títí wọ́n á fi sọ ọ́ di online. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ driver, prógíráàmù tó ń darí ẹ̀rọ, ìdí tí wọ́n fi ṣe pfn_to_online_page, tó ń wò ó bóyá péèjì ti online, nìyẹn, ẹ má kàn máa ka struct page tẹ́ ẹ bá rí.)

Kí lo máa wá ṣe? Láti Linux 5.13, lọ́dún 2021, a ní memmap_on_memory, o máa kọ memory_hotplug.memmap_on_memory=1 sí ìlà tí kernel fi ń bẹ̀rẹ̀, mẹ́mọ́rì tuntun á wá máa gbé àkọsílẹ̀ ara ẹ̀ fúnra ẹ̀. Òun ni mo fẹ́ràn jù, torí lọ́jọ́ tó o bá yọ block yẹn, ìyẹn ègé mẹ́mọ́rì tó o fi kún un, òun àti àkọsílẹ̀ ẹ̀ ló jọ ń lọ. Àmọ́ níbẹ̀rẹ̀, block kan lẹ́ẹ̀kan ló ń gbà, kernel tó tuntun ló ń gé e sí block-block fúnra ẹ̀, torí náà wo kernel rẹ dáadáa. Ó tún lè dí hugepage (péèjì ńlá) GB 1 lọ́wọ́, torí àkọsílẹ̀ ló máa wà níwájú block kọ̀ọ̀kan.

Tí kernel rẹ bá ti dàgbà jù, fi í kún un díẹ̀díẹ̀: GB 4 lákọ̀ọ́kọ́, MB 64 péré nìyẹn, sọ ọ́ di online, kó o tó wá fi ńlá kún un. Àmọ́ má fi online_movable, tó ń kó mẹ́mọ́rì sí zone movable, ibi tí ohun tó ṣeé ṣí nípò ń gbé, ṣe GB 4 yẹn o! Àkọsílẹ̀ kì í ṣeé ṣí nípò, kernel ò lè kó o sí zone movable, á tún padà sórí GB 2 àtijọ́ ni. online_kernel, tó ń jẹ́ kí kernel lè lò ó fún àkọsílẹ̀ ẹ̀, ni kó o lò, ṣùgbọ́n mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó o má lè yọ GB 4 yẹn mọ́.

Ìbéèrè: MB 16 lórí GB kọ̀ọ̀kan ti pọ̀ jù, ẹ̀gbọ́n. Kò sí bá a ṣe lè dín in kù ni?

Ìdáhùn: Ó wà, tó bá jẹ́ hugetlb, ìyẹn ọ̀nà tí Linux fi ń pín hugepage, lò ń lò. Hugepage MB 2 ní struct page 512, péèjì 8 ni wọ́n gbà, púpọ̀ nínú wọn ló sì jọra wọn délẹ̀, kernel òde òní lè tọ́ka gbogbo wọn sí ẹyọ kan kó dá 7 padà. hugetlb_free_vmemmap=on lo máa kọ. Mẹ́mọ́rì lásán ò rí irú ẹ̀ gbà ṣá.